Bí Ibi Bá Dínà Mọ́ Ọmọ

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni ará ilé àti ará àdúgbò máa ń kí i. Àwọn àgbà tí ó fi ìkíni yìí lélẹ̀ kò ṣèèṣì. Wọ́n mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni ó ti kúnlẹ̀ tí kò dìde mọ́. Nínú gbogbo ewu tí ìkíni náà ń tọ́ka sí, ọ̀kan wà tí agbára ìrọbí kò lè ṣẹ́gun, bí agbẹ̀bí ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó. Òun ni kí ibi ọmọ, èyí tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọmọ jáde, lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣáájú ọmọ.

Kí òǹkàwé fojú inú wo ìyá ọlọ́mọ kan tí ó ń ta aṣọ ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n. Ọjà Mont-Bouët, tí ó tóbi jù lọ ní ìlú náà, kún fún àwọn oníṣòwò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Obìnrin yìí ti bí ọmọ kan rí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé ọmọ náà jáde. Nígbà tí oyún kejì pé oṣù márùn-ún, ó lọ ṣe échographie, ìyẹn àwòrán inú tí àwọn ará ilé ń pè ní síkáànù. Dókítà wo àwòrán náà títí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí etí obìnrin náà kò gbọ́ rí: placenta praevia.

Kò sí ibi kan tí ń dùn ún. Ọlẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀ dáadáa. Ó tẹ ìyá ọkọ rẹ̀ láago ní ilé. Ìyá ní, "Ìyàwó mi, tètè máa bọ̀ nílé. A ó wá àgbo àbíwẹ́rẹ́ fún ọ, wẹ́rẹ́ báyìí ni wàá bí i. Wọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì." Ọkọ rẹ̀ ní àdúrà ni òun yóò fi jà á, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ní owó ni àwọn dókítà ń wá. Kò sí ọ̀tá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá gba èyíkéyìí nínú ìmọ̀ràn wọn gbọ́ láìṣe nǹkan mìíràn, ó lè bá a lọ.

Inú ibi ni oúnjẹ àti atẹ́gùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Òkè ilé ọmọ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ń lẹ̀ mọ́, tí yóò sì bo ọrùn ilé ọmọ, ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ìbá gbà jáde. Nínú 200 aboyún tí oyún wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, nǹkan bí ẹnìkan ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún. Àmì rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò máa wá láìsí ìrora, pàápàá nínú oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oyún. Àwọn mìíràn kì í rí ẹ̀jẹ̀ rárá títí ìrọbí fi dé. Nítorí náà, àìsí ìrora kì í ṣe ẹ̀rí pé àlàáfíà wà.

Ìtùnú kan wà níbẹ̀. Bí oyún ti ń dàgbà ni ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ń nà, tí yóò sì máa gbé ibi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tí àwòrán oṣù karùn-ún fi hàn pé ibi wọn wà nísàlẹ̀ ni kò ní ìṣòro náà mọ́ nígbà tí oyún bá pé. Àmọ́ ìrètí náà dín kù fún ẹni tí ibi bá bo ẹnu ọ̀nà pátápátá, àti fún ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí. Ìdí nìyí tí wọn fi gbọ́dọ̀ tún àwòrán náà yà ní ọ̀sẹ̀ 32, kí wọ́n sì tún un yà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 bí ibi kò bá tíì kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba ojú ara fi ya àwòrán yìí. Kò léwu, ó sì ríran ju èyí tí wọ́n ń gbé lé ikùn lọ. Ìka ọwọ́ ni ó léwu. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka yẹ ojú ara irú aboyún bẹ́ẹ̀ wò, ìbáà ṣe agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì, nítorí ó lè já ibi níbi tí ó lẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ìbálòpọ̀ yẹ kó dúró ná, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wá rí.

Ṣùgbọ́n bí ibi kò bá kúrò ńkọ́? Ní ìparí oyún, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó nǹkan bí ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára aboyún kò sì ju nǹkan bí lítà 6 lọ. Bí ọrùn ilé ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ibi yóò máa ya kúrò lára ògiri tí ó lẹ̀ mọ́, ojú ibi tí ó ya náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa gbà tú jáde. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé kò sí àyè láti wá ọkọ̀ ní agogo méjì òru, kí a tó wá máa wá dókítà, kí a tó wá máa wá ẹ̀jẹ̀. Àgbo àbíwẹ́rẹ́ tí ìyá ọkọ fi ìfẹ́ sọ, bí ó bá ṣiṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe, tí ó mú kí ilé ọmọ súnkì, ilẹ̀kùn ikú gan-an ni yóò ṣí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àǹfààní tí àwòrán yìí fún obìnrin Mont-Bouët nìyẹn: ó gbọ́ nípa ogun ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó dé. Iṣẹ́ abẹ tí a yan ọjọ́ fún, ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ọ̀gá dókítà, ẹni tí ń fúnni ní oògùn akunilóorun àti ẹ̀jẹ̀ nítòsí, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a sáré ṣe lóru nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn wá ilẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá wá rí, àárín ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 ni àwọn dókítà sábà máa ń yan ọjọ́ náà sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń wá, wọ́n lè fa ọjọ́ náà sẹ́yìn sí àárín ọ̀sẹ̀ 34 sí 36, kí wọ́n sì gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kíákíá. Wọn kì í dúró de oṣù kẹsàn-án kí ó pé géérégé, nítorí bí ọjọ́ bá ṣe ń gùn sí i ni ìrọbí ń sún mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ pé kí ó máa bọ̀ nílé wá ńkọ́? Ó wu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà lájò láti bímọ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n láti Libreville dé Èkó lójú òfuurufú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ aboyún láti ọ̀sẹ̀ 28, wọn kì í sì gbà á mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ lókè, kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ nínú ọkọ̀. Ti ọkọ̀ ojú omi kò tilẹ̀ ṣeé dárúkọ. Ẹni tí yóò lọ ilé gbọ́dọ̀ tètè pinnu, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì wá rí tí dókítà sì fọwọ́ sí i, kí ó kó gbogbo àwòrán àti ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ dání. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ fún kí ó jókòó sí Libreville, kí ìyá sì wá bá a.

Ilé ìwòsàn kò sì wọ́n ní ìlú náà. Ilé ìwòsàn yunifásítì ti Libreville wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyá àti ọmọ, tí ó ń jẹ́ orúkọ Jeanne Ebori, ìyá Ààrẹ àná Omar Bongo, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí obìnrin yìí yóò bímọ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ tọ̀sán tòru, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí wọ́n sì lè tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Kí ó tètè béèrè iye tí yóò san pẹ̀lú. CNAMGS, ètò ìdójútòfò ìlera tí ìjọba Gàbọ̀n dá sílẹ̀ ní 2007, kò gba ẹrù ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ Faransé dáadáa kò gbọdọ̀ dá lọ bá dókítà. Kí ó mú ẹni tí ó gbọ́ ọ dání, nítorí orí kì í burú kí a wá fi àìgbédè kún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, òun sì ni ìdí abájọ. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní poche de sang ní Libreville, jẹ́ nǹkan bí mílílítà 450. Ẹni tí ó bá pàdánù lítà 1 nílò ju ènìyàn 2 lọ láti fi dípò rẹ̀. Ibùdó ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè náà wà ní Libreville, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í sun láti inú ògiri; ara ènìyàn ni wọ́n ti ń gbà á. Kí a mọ irú ẹ̀jẹ̀ aboyún náà ní kùtùkùtù, kí ọkọ, àwọn àbúrò àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó aṣọ àǹkára fún ìkómọ lè dá ẹ̀jẹ̀ jọ fún ẹ̀mí. Aboyún fúnra rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó lo oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí ó jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran, kí ó sì máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ibà a máa jẹ ẹ̀jẹ̀. Oògùn kan sì wà tí ń jẹ́ tranexamic acid. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi hàn pé bí wọ́n bá fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń da lára rẹ̀ ní oògùn yìí láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbímọ, ó ń dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kí wọ́n béèrè bóyá ó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ṣòro jù. Àpá iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ṣì wà lára ilé ọmọ obìnrin yìí, ibi a sì máa ta gbòǹgbò wọ inú irú àpá bẹ́ẹ̀ débi pé kò ní ṣeé yọ. Ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà ní 2006, lára obìnrin 30,132, fi hàn pé láàárín àwọn tí ibi wọn dínà, èyí ṣẹlẹ̀ sí 3 nínú 100 tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún ní ìgbà àkọ́kọ́, sí 11 ní ìgbà kejì, sí 40 ní ìgbà kẹta, sí 61 ní ìgbà kẹrin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà lè ní láti yọ ilé ọmọ kúrò kí ìyá má bàa kú. Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ó yẹ kí tọkọtaya ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Kí wọ́n jókòó ní ilé, kí ọkọ sọ ọ́ síta fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ láàyè ju ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ, kí wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé kí ọjọ́ tó pé. Obìnrin púpọ̀ ni ó ti kú nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tí ó bá sì ń rò pé ìtìjú ni láti bímọ lábẹ́ ọ̀bẹ, tàbí pé àṣà òyìnbó ni, kí ó gbọ́ èyí. Ní 1879, ní Kahura ní ilẹ̀ Bunyoro, tí ó wà ní Uganda òde òní, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Robert Felkin fi ojú rẹ̀ rí oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ àti ikùn aboyún, tí ó la ikùn náà, tí ó gbé ọmọ jáde, tí ó sì di egbò padà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kọkànlá, egbò náà ti jiná. Adúláwọ̀ ni oníṣègùn náà, adúláwọ̀ ni ìyá ọmọ. Ọ̀bẹ tí ó gba ẹ̀mí méjì là kò fi ìtìjú kan ẹnikẹ́ni.

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí ìyá ọkọ gbé àgbo àbíwẹ́rẹ́ tì, kí ó sì wọkọ̀ lọ sí Libreville kí ọ̀sẹ̀ 36 tó dé. Kí ọkọ gbàdúrà rẹ̀, kí ó sì na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ lẹ́yìn àmín. Kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà bá a mójú tó ìsọ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí a gbọ́ ohùn ìyá, tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, nígbà náà ni "Ẹ kú ewu ọmọ" yóò dùn lẹ́nu gbogbo wọn.