Ó Tó Àkókò Kí Nọ́ọ̀sì Máa Kọ Oògùn Fún Aláìsàn

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ bí ọ̀ràn ti í rí ní abúlé nígbà tí ibà bá mú ọmọdé lóru. Gìrì kì í dúró de ìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́, dókítà kò sì sí nítòsí. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tí a bá ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ àwọn kan ń wí pé kò gbọdọ̀ kọ oògùn, àfi bí dókítà bá fi ọwọ́ sí i. Àwa ń béèrè pé: kí ni kí ọmọ náà ṣe títí dókítà yóò fi dé?

Àwọn tí ó tako ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní oògùn tí a bá ṣì lò a máa pa ènìyàn, àti pé ẹ̀kọ́ dókítà jinlẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Òtítọ́ ni. Àwa ará ìlú pàápàá a máa wí pé, "Nọ́ọ̀sì lásán ni." Ṣùgbọ́n àwa yìí kan náà ni à ń ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri rẹ̀ lọ́jà, tí kò kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn rí!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ìwọ̀n ọdún 1957, Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń wo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn. Èyí tí ó bá ju agbára wọn lọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ikú ọmọdé dínkù gidigidi níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn ní 1992. Láti 2010 ni nọ́ọ̀sì Gúúsù Áfíríkà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú éèdì fún aláìsàn.

Ní 2014, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa pín iṣẹ́ láàrin ara wọn. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n òfin tí ó ṣe kedere ni à ń fẹ́: kí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀kọ́ àkànṣe, kí ó sì yege nínú ìdánwò, kí a to orúkọ àwọn oògùn tí ó lè kọ sínú ìwé, kí dókítà máa bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí oògùn náà sì wà ní àrọ́wọ́tó, nítorí ìwé oògùn kò lè wo ibà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Nọ́ọ̀sì wa ti wẹ ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí òfin lé e kúrò nídìí àwo nígbà tí ọmọ wa ń kú lọ.