Òjò Tó Kó Ẹyẹlé Pọ̀ Mọ́ Adìyẹ

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ẹni tó bá ń pa òwe yìí, ẹyẹlé ló sábà máa ń gbèjà: ó fẹ́ ká mọ̀ pé bí òjò bá dá, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òjò kan rọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dá, ẹyẹlé kò sì lọ mọ́.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1066 ni William ará Normandy, nílẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Ọba Harold ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Hastings. Faransé di èdè ààfin, Látìn ni ti àlùfáà àti ìwé ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì wá kù sẹ́nu mẹ̀kúnnù. Màlúù tó ń jẹko, "cow" ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Bó bá dénú àwo, ó di "beef", èyí tó ti ara "bœuf" Faransé wá. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìpín yìí fìdí múlẹ̀, torí ó pẹ́ tí wọ́n ṣì ń pe màlúù tó wà láàyè ní "beef". Síbẹ̀, ipò ẹni tó ń da ẹran àti ipò ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣì hàn níbẹ̀.

Ti ilé ẹjọ́ ló dùn mí jù. "Court", "judge", "prison": Faransé ni gbogbo wọn ti wá. Wọ́n ń dá ẹjọ́ mẹ̀kúnnù ní èdè tí mẹ̀kúnnù kò gbọ́! Ọdún 1362 ni òfin tó jáde pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, kí akọ̀wé sì máa fi Látìn kọ ọ́ sílẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tún dá kún un. "Dette" ni Faransé fún wọn, kò ní "b" nínú. Wọ́n fẹ́ kó jọ "debitum" Látìn, ni wọ́n bá kọ ọ́ ní "debt". Mélòó nínú wa ni wọn kò nà nílé ìwé nítorí "b" tẹ́nì kan kì í pè yẹn?

Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tó ní "kóòtù" ti ba Yorùbá jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbéra láti inú Látìn, ó gba ẹnu Faransé kọjá, ó sì bá òyìnbó amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. A kò pè é, agbára ìjọba ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, la bá fi fáwẹ̀lì tì í nídìí, a fún un ní ohùn tiwa, ó sì ń dá wa lóhùn.