Orúkọ Méjì Lójú Pátákó Kan

Láti Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Route 40 sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó kọjá Catonsville, níbi tí ariwo ìlú ti ń rọlẹ̀ tí àwọn ilé tí a gbin koríko síwájú wọn sì ti ń fara hàn, yóò dé Ellicott City, yóò sì bá ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí a fi èdè Kòríà kọ gàdàgbà sójú pátákó wọn. Ní 2016 ni Gómìnà Larry Hogan, ẹni tí Yumi aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Kòríà, kéde pé kí a máa pe apá kan ọ̀nà náà ní Korean Way. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Randallstown àti Woodlawn ṣe ibùgbé kò jìnnà síbẹ̀, wọn a sì máa yà jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, pàápàá ní irú ilé oúnjẹ tó pọ̀ káàkiri ẹ̀yìn odi àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, tí pátákó rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ méjì pa pọ̀: oúnjẹ Jàpáànì àti ti Kòríà.

Àwọn kan nínú wa tí wọ́n gbà pé àwọn mọ oúnjẹ jẹ a máa yínmú sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ayédèrú ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ sushi, ìrẹsì ẹlẹ́ja ti Jàpáànì, kí ó wá ọmọ Jàpáànì lọ, kí ó má ṣe jókòó síwájú ará Kòríà tó yá orúkọ ẹlòmíràn lò. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹni tó bá sì wo ilé tí orúkọ méjì yìí ti jáde wá, tó wò ó dé ìpìlẹ̀, kò ní lè tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ mọ́.

Ní 1910 ni Jàpáànì gba Kòríà, tó sọ ọ́ di tirẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Jàpáànì sì túúbá. Láàárín ọdún 35 yẹn, èdè Jàpáànì ló jọba ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di 1940, òfin dé tó mú kí ogunlọ́gọ̀ ará Kòríà pa orúkọ ìdílé wọn tì, kí wọ́n sì máa jẹ́ orúkọ bíi ti àwọn ará Jàpáànì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́, ẹ̀yin tí a ń fi oríkì jí lówùúrọ̀, tí a ń ki baba ńlá yín mọ́ yín lára bí ẹ bá ṣe ohun tó wuyì, ẹ óò mọ irú ọgbẹ́ tí èyí dá sọ́kàn àwọn ènìyàn náà. Báwo wáá ni ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe fi orúkọ Jàpáànì ṣáájú tirẹ̀ lókè ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ tó fi òógùn ojú rẹ̀ dá sílẹ̀?

Òfin ìwọ̀lú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Láti 1924 ni Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Éṣíà. Ní 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tó ṣí i, tí àwọn ará Kòríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Àwọn ará Jàpáànì ti ṣáájú wọn jìyà lórí ilẹ̀ náà, nítorí ní 1942 ni Ààrẹ Roosevelt pa àṣẹ tí a fi kó nǹkan bí 120,000 wọn sí àgọ́ àhámọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà gan-an. Ṣùgbọ́n ayé yí, Jàpáànì di olówó, sushi tó fìdí múlẹ̀ ní Little Tokyo ní Los Angeles láàárín 1960 sí 1970 di oúnjẹ ọlọ́lá, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò tíì gbọ́ orúkọ kimchi, kábéèjì kíkan aláta ti Kòríà, rí. Baba ará Kòríà tí onílé ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ ní ilé-ìwé, orúkọ wo ni yóò kọ? Ó kọ orúkọ tí oníbàárà mọ̀, tí oníbàárà sì ṣetán láti san owó gọbọi lé lórí. Ó wá jẹ́ kí orúkọ ilẹ̀ baba rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, iṣẹ́ ọmọ sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi sushi náà jẹ́.

Ọwọ́ wọn kò kúkú ṣàjèjì sí i. Wọ́n ní gimbap ní Kòríà, ìrẹsì tí a fi ewéko òkun gbígbẹ wé pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹyin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara ìrẹsì wíwé ti Jàpáànì ló ti ṣẹ̀. Òróró yànmọ̀tí ni ará Kòríà fi ń po ìrẹsì tirẹ̀, níbi tí ará Jàpáànì ti ń lo ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀. Àwọn ará Kòríà tó tẹ̀ dó sí Jàpáànì ni a sì mọ̀ mọ́ ẹran sísun lórí iná àárín tábìlì, yakiniku, tí àwọn Jàpáànì ń jẹ lónìí bí ẹni pé agbo ilé wọn ni a bí i sí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ta ni yóò wá jókòó sí Maryland tí yóò máa pín oúnjẹ náà sí ojúlówó àti ayédèrú?

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì kí oúnjẹ tí a sanwó fún tó dé. Ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, tí wọn yóò ti máa to àwo kéékèèké síwájú yín: kimchi pupa, èéhù ẹ̀wà sóyà tí a fi òróró yànmọ̀tí pò, ẹ̀fọ́ bíbọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tó dùn tó sì níyọ̀. Banchan ni wọ́n ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, bó bá sì tán, ẹ béèrè, wọn a tún bù ú wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun nílé wọn, níbi tí ìrẹsì ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wà níwájú rẹ̀, tí àwọn àwo yòókù sì jẹ́ ti gbogbo agbo. Kimchi yẹn nìkan, iṣẹ́ ńlá ni: a ó fi iyọ̀ sí kábéèjì títí yóò fi rọ̀, a ó fi ata gígún, aáyù, atalẹ̀ àti ẹja oníyọ̀ pa á lára ní ewé kọ̀ọ̀kan, a ó sì kó o pa mọ́ kí ó kan. Ìgbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀ ni ẹbí àti aládùúgbò ń kóra jọ ṣe é, àjọṣe tí wọ́n ń pè ní kimjang, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ẹ̀dá ní 2013, nínú ìjókòó kan náà tí oúnjẹ ìbílẹ̀ Jàpáànì fi wọ ìwé ọ̀hún. Ata inú rẹ̀, ìbátan ṣọ̀mbọ̀ tiwa ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀, kò sì sí ará Kòríà tàbí ọmọ Yorùbá kan tó mọ̀ wọ́n kí Columbus tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1492.

Bí wọ́n bá tún gbé cheonggukjang kaná, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ọbẹ̀ nílé ìyá yín yóò gbé orí sókè. Ẹ̀wà sóyà ni, tí a sè, tí a bò mọ́lẹ̀ níbi tó móoru fún ọjọ́ mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bo irú gan-an; àní ẹbí kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú natto àwọn Jàpáànì. Òórùn tí ń lé ẹlòmíràn sá, ọmọ tí a fi irú pẹ̀tẹ̀ tọ́ yóò gbọ́ ọ, yóò sì sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìwà ìdí oúnjẹ wọn pẹ̀lú kò ṣàjèjì sí wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ gbé ṣíbí, ọwọ́ méjèèjì sì ni ọmọdé fi ń gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni ó ṣe ń dùn mí bí mo bá rí àwọn ènìyàn wa nírú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọn kò ṣí ìwé oúnjẹ kọjá ojú ewé àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Jàpáànì, tó jẹ́ pé tempura, teriyaki àti California roll ni wọ́n ń béèrè láti ọdún dé ọdún. Kò sí ohun tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ nílé, kí ẹ sì jẹ ẹ́, nítorí èyí ni oúnjẹ tí ó fi orúkọ ẹlòmíràn dáàbò bò ní gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Maryland kan náà, ní Houston, ní London, mélòó nínú àwọn ilé oúnjẹ tí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ni a kọ Yorùbá sí lójú? Oúnjẹ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ ń kọ, tàbí ti Áfíríkà àti Kàríbíà, bẹ́ẹ̀ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ló wà nínú ìkòkò. N kò bú wọn. Ohun tó mú ará Kòríà kọ Jàpáànì ló mú wọn kọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ará Kòríà kò jókòó síbẹ̀. Lónìí, ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ ti Kòríà nìkan, tí kò fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹnikẹ́ni, ń bẹ lọ́tùn-ún lósì ní Route 40, àti dúdú àti funfun ló sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún ẹran sísun. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tó ṣáájú kò yọ orúkọ kejì kúrò lójú pátákó, wọn kò sì dẹ́kun gbígbé kimchi síwájú ẹni tí sushi mú wọlé.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin baba tí ẹ ń dáná lókè òkun, bí ẹ bá tún fẹ́ kun pátákó yín, ẹ jẹ́ kí Áfíríkà dúró níbi tó wà, bí òun ló ń pe oníbàárà wá; ṣùgbọ́n ẹ kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àlejò bá sì jókòó fún ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ bu gbẹ̀gìrì díẹ̀ sí àwo kékeré, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ láìgba owó.