Dókítà, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Etí Màmá

Inú ń bí mi lọ́sẹ̀ yìí, etí ló sì fà á. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní England ló pè mí. Wọ́n gba ìyá àgbà kan wọlé, ó sì di dandan kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Orí fóònù ni dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé màmá ń jẹun? Ó ń jẹun. Ṣé ó ń sùn? Ó ń sùn. Ṣé ó ń dáhùn tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀? Rárá o, ohun tí a ò bi í ló máa ń dáhùn. Dókítà ní iyè rẹ̀ ló ń ra, ó ti dàgbà ni. Ó parí. "Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò mi wí, "ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì tan iná sí etí màmá, ìdọ̀tí ló dí i pa, tọ̀túntòsì." Wọ́n fi òróró ólífì rọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí màmá kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ìjà èmi àti Ẹgbẹ́ Ó-Ti-Dàgbà-Ni kì í ṣe tòní. Ẹ̀ka wọn ti dé ilẹ̀ òyìnbó báyìí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá wọn sọ, ní ẹsẹẹsẹ: àdéhùn, etí, owó.

Èkíní, àdéhùn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni àdéhùn àárín NHS England, àjọ ìlera ìjọba wọn, àti àwọn dókítà àdúgbò ti là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa yí ilé àwọn arúgbó ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì rí àyẹ̀wò àti ètò ìtọ́jú tirẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7. Kò pọn dandan kí dókítà fúnra rẹ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ lè wá. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó jókòó ti màmá sàn ju dókítà orí fóònù lọ.

Èkejì, etí. Láti ọdún 2018 ni NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ fún wọn, ti ní kí wọ́n máa yọ ìdọ̀tí tó bá dí etí àgbàlagbà lọ́dọ̀ dókítà tàbí nítòsí ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé dókítà ti ṣíwọ́ rẹ̀: ẹ lọ sanwó níta. Arúgbó tí kò lè dá dìde, níta wo? Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń dán iyè wò. Wọ́n á pe orúkọ àti àdírẹ́sì kan, wọ́n á bá a sọ nǹkan mìíràn díẹ̀, wọ́n á wá ní kó tún un pè. Ohun tí kò gbọ́ ni kó tún pè? Ẹ ò rí ìwà ìkà!

Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í rìn láìsí ìyẹ́ adìyẹ kan nínú gèlè. Tó bá rán ọ níṣẹ́ tó o jẹ́ ẹ ségesège, kò ní pè ọ́ ní òpònú. Á ní kó o gbé orí lé òun lẹ́sẹ̀, á wo etí rẹ, á fi ìyẹ́ náà nu ún. Àwọn dókítà òde òní ní kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan bọ etí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sì yẹ kí yíyẹ àgbà wò dáadáa ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1992 ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti Hugh Hendrie ti gbé ìwádìí kalẹ̀ ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà, láti mọ àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń ra. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀, wọ́n bi ẹni tó ń bá a gbé, kí dókítà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2001, iye tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ká ní orí fóònù ni wọ́n ti ṣe é ni, gbogbo Ìdíkàn ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ pé ó ń ṣarán!

Ẹ̀yin tí ẹ ń yangàn pé Yorùbá kì í kó òbí sílé arúgbó, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Màmá tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ yín, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Omi tí kò mu tó, àrùn inú ìtọ̀, àìrí ìgbẹ́ yà, oògùn tí wọ́n kó lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè mú àgbà sọ ìsọkúsọ láàárín ọjọ́ méjì. Láti ọdún 2012 ni ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ti ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè. Ẹ kọjá níwájú rẹ̀, ẹ gbé ìyá yín lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n sì bá yín rí àjẹ́ nínú rẹ̀. Etí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò wò ó!

Owó tó jẹ́ ẹ̀kẹta di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Olóòtú ti ń pariwo. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní England, tí dókítà bá ní màmá kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ti yẹ etí wọn wò?" Kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́, kó sì kọ orúkọ ẹni tó yẹ etí ìyá tirẹ̀ wò kẹ́yìn sí òkè rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní kà á.