Ìsoríkọ́ Kì Í Ṣe Wèrè, Ẹ Má Fi Ewé Wèrè Wò Ó

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì kan àwa babaláwo jù.

Ẹnì kan wà tí kì í jà, tí kì í fa aṣọ ya, tí kì í sọ ìsọkúsọ. Ó kàn jókòó ni. Oúnjẹ kò wù ú, oorun kì í kùn ún. Kò fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà mọ́. Ó ń sọ pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí èyí bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dáwọ́ dúró, ó ti kúrò ní ìbànújẹ́ lásán. Àìsàn ni, òun là ń pè ní ìsoríkọ́.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní agbègbè Abẹ́òkúta, ìwé wọn tó jáde ní 1963 fi hàn pé àwọn oníṣègùn wa mọ gbogbo àmì àìsàn yìí, ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ kan pàtó fún un bí wọ́n ti ní fún wèrè. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀lẹ á máa bú aláìsàn. Ẹni tó bá pè é ní iṣẹ́ ayé á máa rú ẹbọ lé ẹbọ. Ẹni tó bá pè é ní wèrè á gbé asofẹ́yẹjẹ dé.

Asofẹ́yẹjẹ dára. Àwọn baba wa ti ń fi í mú ara wèrè rọlẹ̀ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ní 1952 ni òyìnbó yọ ọ́ jáde lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ọmọ ìyá asofẹ́yẹjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kìlọ̀ pé reserpine lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀, pé kí a má fún ẹni tó sorí kọ́. Awo tó bá fún un ń ti ẹni tó ń rì sínú omi ni.

Àwọn kan á ní, ṣé Ifá kò tó ni? Ifá tó. Ìbọrí níwájú ẹbí ń jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé òun kò dá wà. Ṣùgbọ́n Ọ̀sanyìn kò fi ewé kan ṣoṣo wo gbogbo àrùn. Ní Arò, láti 1954, Lámbò fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ìbátan wọn ń tọ́jú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbà kò wọ kèrègbè.

Ilé ìwòsàn Yábàá ti wà láti 1907. Nítorí pé a ń pè é ní ilé wèrè, ojú ń ti ará Ìsàlẹ̀ Èkó láti débẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ìsoríkọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti oògùn. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kì í sì í dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí a dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká yé sọ pé "ikú yá ju ẹ̀sín" létí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá ní ó wu òun kí òun kú, ẹ má rò pé eré ni. Ẹ bi í léèrè tààrà, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má torí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá fi í pamọ́: òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí ilé ẹjọ́ rán ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, bí irú wọn bá wá dáfá, ẹ dá a fún wọn. Bí ẹbọ bá jáde, ẹ rú u níwọ̀n. Ẹ má gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí ayé ti sú. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á lọ́wọ́ lọ bá dókítà.

Kí orí wa má kodò o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.