Ẹ Jẹ́ Kí Eré Máàpù Wọ Inter-House Wa

Táámù tó ń bọ̀ ni inter-house wa, ìgbìmọ̀ eré ìdárayá sì ti ń kọ orúkọ àwọn eré tí a máa ṣe sílẹ̀. Kí wọ́n tó pa ìwé náà dé, mo ní ọ̀rọ̀ kan í sọ. Ó yẹ kí a fi eré kan kún un lọ́dún yìí: eré tí èèyàn ń fi máàpù lọ́wọ́ sá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Orienteering ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Èmi á máa pè é ní eré máàpù. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà ilẹ̀ Sweden àti Norway ló ti bẹ̀rẹ̀. Nítòsí ìlú Oslo ní Norway ni wọ́n ti ṣe ìdíje àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè bá wọn dá sí, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1897. Ní 1919, ọ̀gá sójà kan ní Sweden tó ń jẹ́ Ernst Killander ṣe ìdíje ńlá kan nítòsí Stockholm, èèyàn tó lé ní 200 ló sì sá a. Òun ni wọ́n ń pè ní baba eré náà títí dòní. Inú igbó ni wọ́n ti ń sá a nígbà yẹn. Ní 2001 ni wọ́n wá fi ẹ̀yà kúkúrú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sprint, kún ìdíje àgbáyé. Sprint kì í nílò igbó kìjikìji. Àárín ìlú, inú páàkì, ọgbà ilé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá a. Òun gan-an ni mo ń sọ.

Bí wọ́n ṣe ń sá a rèé. Kò sẹ́ni tó ń rí máàpù ṣáájú. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ kópa pé kí wọ́n má ṣe dé àdúgbò tí eré náà á ti wáyé títí ọjọ́ á fi pé. Ìgbà tí àkókò rẹ bá tó láti gbéra ni wàá tó gba máàpù, wàá sì máa kà á bí o ṣe ń sáré lọ. Àwọn àmì róbótó wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà sí, 1, 2, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí róbótó kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí lórí ilẹ̀, wọ́n á ti gbé àsíá kékeré aláwọ̀ ọsàn àti funfun kọ́ síbẹ̀. Wàá dé gbogbo wọn ní títẹ̀léra. Nǹkan kékeré kan máa ń wà ní ìka ọwọ́ rẹ tí wàá fi kan àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá, ìyẹn ló ń kọ àkókò rẹ sílẹ̀. Tí o bá fo ẹyọ kan, tàbí tí o dé nọ́ńbà 7 kí o tó dé 6, wọ́n á wọ́gi lé eré rẹ, bí o tiẹ̀ yára bíi mànàmáná. Nínú ìdíje àgbáyé, láàárín ìṣẹ́jú 12 sí 15 ni ẹni tó bá gba ipò kìíní máa ń sá a tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré o! Ásẹ́ńbílì wa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìlú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé sprint. Ìlú àtijọ́ ni, ó kún fún ọ̀nà tóóró, àtẹ̀gùn àti kọ̀rọ̀. Ọmọ Scotland kan, Grace Molloy, ló gba góòlù àwọn obìnrin nínú sprint tí wọ́n ti ń já ara wọn dànù títí á fi ku ẹni mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ló ni eré yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé dé, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àdúgbò á pàdé, wọ́n á sá sprint. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń sá tirẹ̀, bàbá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún ń sá tirẹ̀. Tí eré bá tán, apá tó wù mí jù ló kù: wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹ́ máàpù sílẹ̀, oníkálùkù á fi bírò fa ìlà ọ̀nà tó gbà, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. "Kí ló dé tí o gba òsì?" "Ṣé o ò rí àtẹ̀gùn yẹn ni?"

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí eré yìí dá lé lórí gan-an nìyẹn. Láti nọ́ńbà 4 dé nọ́ńbà 5, ọ̀nà tó kúrú lè ní àtẹ̀gùn àti ìkóríta márùn-ún, ọ̀nà tó gùn sì lè tẹ́jú kó má ní ìkóríta kankan. Èwo ni kí n gbà? Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni mo ní láti fi pinnu, ẹsẹ̀ mi ò sì gbọdọ̀ dúró. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń sáré níbẹ̀.

Wàyí o, kí ló kàn wá níbí? Nǹkan mẹ́ta ló kàn wá.

Àkọ́kọ́ ni Jọ́gíráfì. Ẹni tó bá ti dé SS2 mọ ohun tí mo ń sọ. Máàpù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sá fún iṣẹ́ náà. Máàpù tí wọ́n máa ń gbé fún wa nínú ìdánwò sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n 1:50,000. A ti há a sórí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ 500 mítà lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rin sẹ̀ǹtímítà kan rí nínú wa? Orí tábìlì la ti ń kọ́ ọ, orí tábìlì náà ló ń kú sí. Máàpù sprint máa ń jẹ́ 1:4,000, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ 40 mítà péré. Láti ẹnu géètì wa dé ilé ìgbìmọ̀ olùkọ́, wàá rìn ín, wàá ka ìṣísẹ̀ rẹ, wàá sì fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù. Tí ìwọ̀n bá ti wọ ẹsẹ̀ èèyàn báyìí, kò tún sí ìbéèrè WAEC tó máa dẹ́rù bà á níbẹ̀.

Ìkejì ni pé inter-house wa kò kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lọ́dọọdún, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá kan náà la máa ń wò láti JSS1 títí wọ́n á fi jáde. Àwa tó kù, à ń pàtẹ́wọ́, à ń jó, à ń ta omi. Eré máàpù á fún ẹlòmíràn láyè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta táámù yìí, àwa mẹ́jọ dán an wò lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́. A fi ìṣísẹ̀ wọn ọgbà ilé ìwé, a fi pẹ́ńsù yà á sórí ìwé, a ṣe fọ́tòkópì rẹ̀, a sì so rìbọ́nù mẹ́wàá mọ́ igi àti òpó. Ẹni tó máa ń gba ipò kìíní nínú 200 mítà wà láàárín wa. Ipò kejì ló gbà, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin SS1 kan tí kò tíì sáré fún ilé rẹ̀ rí ló gba ipò kìíní. Nígbà tí àwọn tó kù ń yí láàbù ká, òun ti dúró, ó wo máàpù, ó sì rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan tó fi ṣáájú gbogbo wa.

Ìkẹta ló ká mi lára jù, òun ni ọ̀rọ̀ ògiri. Lórí máàpù sprint, ìlà dúdú tó nípọn dúró fún ògiri tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ògiri náà lè má ga ju orúnkún lọ. O lè fò ó bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n tí máàpù bá ti ní o ò gbọdọ̀ kọjá, tí o bá fò ó, eré rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó jẹ́ ìwọ lo yára jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà òdòdó àti àgbàlá onílé. Nínú ìdánwò tí àwa ṣe yẹn, a fi ìlà dúdú yí ọgbà òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ásẹ́ńbílì ká. Ẹnì kan fò ó. Àwa méjì la rí i. Àríyànjiyàn náà tó ìdajì wákàtí: ṣé ká wọ́gi lé e ni, àbí ká fojú fò ó torí eré lásán ni? A wọ́gi lé e. Ọ̀rẹ́ wa bínú fún ọjọ́ méjì gbáko.

Mo rò pé ohun tó tọ́ la ṣe. Ẹ wò ó, ògiri tó ṣeé fò pọ̀ nílé ìwé yìí. Gbogbo wa la mọ ibi tí àwọn tó ń pẹ́ẹ́ dé máa ń gbà wọlé láàárọ̀, tí wọn ò ní gba géètì. Ìwé tí wọ́n ń ká sínú ìbọ̀sẹ̀ nígbà ìdánwò, ògiri tó ṣeé fò náà ni. Olùkọ́ kì í sí níbi gbogbo. Ìwàásù ásẹ́ńbílì ti sọ ọ́ fún wa títí, etí wa ti dí sí i. Ṣùgbọ́n eré tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ fúnra rẹ̀ á ti sọ pé "rárá, o fò ó, kò wọlé," ìyẹn á wọ̀ wá lára ju ìwàásù lọ.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Àwọn kan ní owó dà? Wọ́n ní eré Òyìnbó ni, pé ó nílò ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìka ọwọ́ yẹn, a ò nílò rẹ̀. Ẹ so kréyọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá débẹ̀ fi sàmì sí káàdì rẹ̀. Àwọn ọmọ Home Economics lè fi àjákù aṣọ rán àsíá. Àwọn ọmọ Technical Drawing á ya máàpù jù wá lọ. Ohun tó kù ni owó fọ́tòkópì.

Àwọn kan ní gbogbo wa la ti mọ ọgbà yìí dunjú, kí la tún ń fi máàpù ṣe? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí láàbù wà yàtọ̀ sí mímọ ẹ̀gbẹ́ wo lára láàbù ni àsíá wà, àti ọ̀nà wo ló yá jù láti ibẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò. Àwọn tó ń ṣètò sprint tiẹ̀ máa ń fi okùn dí ọ̀nà kan pa, kí ẹni tó rò pé òun mọ̀nà lè padà wo máàpù. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí lè máa ṣàníyàn, pàápàá nítorí àwọn ọmọbìnrin. Mi ò ní ká jáde sí títì. Kí ó má kọjá inú fẹ́ńsì wa. Kí olùkọ́ kan dúró létí kànga, kí òmíràn dúró lẹ́nu géètì, kí a sì fi ìlà dúdú yí ilé jẹnẹrétọ̀ ká lórí máàpù. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé nínú sprint oníṣọwọ́sọwọ́ ti àgbáyé, ẹni mẹ́rin ló ń sá a fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, obìnrin méjì àti ọkùnrin méjì. Obìnrin ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, obìnrin ló ń parí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo bẹ ọ̀gá wa àgbà, olùkọ́ eré ìdárayá àti olùkọ́ Jọ́gíráfì wa pé kí wọ́n fi eré máàpù kan ṣoṣo sí inter-house lọ́dún yìí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹni mẹ́rin wá, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì. Kí ẹni tí kò ní sáré ló ya máàpù, kí ó sì fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ olùkọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Kí àmì rẹ̀ tó ti 200 mítà, kó má kàn jẹ́ eré ìpápánu. Tí kò bá dára, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní ráhùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ kọ orúkọ yín àti kíláàsì yín sórí ìwé, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club tó wà lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì kí Ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ìgbìmọ̀ kò ní fi ọwọ́ pàtàkì mú ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Tí ẹ kò bá sì gbà pẹ̀lú mi, ẹ kọ èsì yín wá, ààyè ṣì wà lára ògiri yìí.