Ẹ Jẹ́ Kí Ewé Padà Sí Àgbàlá Wa

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń ṣe àjọ̀dún, ohun tí a sábà máa ń kà ni iye ilé tuntun tí a kọ́, iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò WAEC, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ti di ènìyàn pàtàkì láwùjọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í kà, tí ó sì ń dín kù lójú wa: iye ewé tí ọmọ wa mọ̀ lórúkọ. Èrò mi ni pé kí gbogbo ilé tí ó ní ọmọ nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí, àti ilé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní ìkòkò ewé mẹ́ta ó kéré tán, tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò máa bomi rin.

Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni Ìjù àti àyíká rẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó dé. Lónìí, láti Sango títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹ̀rọ ni ó ń dún tọ̀sán-tòru. A kò gbọdọ̀ bú iléeṣẹ́. Nínú owó iṣẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ òbí ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Síbẹ̀, àgbàlá wa ń di sìmẹ́ńtì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, ẹfinrin tí ìyá àgbà máa ń rán ọmọ lọ já lẹ́yìn ilé ìdáná sì ti di ohun tí a ń fi owó rà lọ́jà. Ọmọ wa lè kọ bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀. Ẹ wá gbé ẹfinrin àti ewúro síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kí ó fi ọ̀kan hàn yín. Ìmọ̀ tí kò dé ọwọ́ kì í pẹ́ lórí.

Ọ̀tà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò tí a mọ̀ sí Operation Feed the Nation kalẹ̀, pé kí olúkúlùkù, títí kan àwọn ilé ẹ̀kọ́, gbin ohun tí a ó jẹ. Nígbà tí ó sì gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, 1979, Ọ̀tà níbí ni ó dá oko sí. Ṣùgbọ́n ètò náà kò bá wa kalẹ́; ìjọba Alhaji Shehu Shagari fi Green Revolution rọ́pò rẹ̀ ní 1980. Ohun tí ìjọba kan bẹ̀rẹ̀, ìjọba mìíràn lè pa á tì. Ìkòkò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná yín kò dúró de ìjọba kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan nínú wa ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ọkàn wọn a lọ sí ìdí òrìṣà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ewé kì í ṣe ẹbọ. Inú ọgbà ni Ìwé Mímọ́ ti kọ́kọ́ fi ènìyàn hàn wá, iṣẹ́ ọgbà sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ China, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò, wọ́n sì rí artemisinin fà yọ lára ewé kan. Inú rẹ̀ ni oògùn ibà tí a ń lò lónìí ti wá, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n dán an wò dáadáa kí wọ́n tó fún aláìsàn. Nítorí náà, n kò sọ pé ìkòkò ewé jẹ́ ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ibà bá mú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Aboyún àti ẹni tí ó ń lo oògùn dókítà sì ní láti béèrè kí ó tó mu àgbo. Ẹfinrin wà fún àsáró àti ọbẹ̀ ata, ewúro fún ọbẹ̀, koríko ọba fún tíì àárọ̀.

Àwa tí a ń gbé láàárín iléeṣẹ́ ní ìdí mìíràn láti lo ìkòkò. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ kì í jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹ má ṣe gbin ewé jíjẹ sí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì tàbí tí wọ́n ti ń da òróró ọkọ̀, tàbí sí etí gọ́tà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ lè kọ ebè. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kí ó wá ilẹ̀ tí ó mọ́ kún garawa, kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ó sì po ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Igi ewúro tí a gé ni a ń rì mọ́lẹ̀. Koríko ọba, a ó ya á lára ìdí rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò. Bí a bá gbin atalẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò tó wú ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹ máa já orí ẹfinrin kí ó tó yọ òdòdó, yóò sì máa pẹ̀ka. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Kí ẹ sì fọ ewé dáadáa kí ẹ tó sè é, nítorí eruku agbègbè wa pọ̀.

Ẹni tí ó bá ní àyè kò sí lè rántí pé ẹsẹ̀ fèrèsé gba garawa kan. Ẹni tí ó bá ní àkókò kò sí, kí ó gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ bá ń ro ẹ̀bùn àjọ̀dún, ẹ fi ebè ewé kan kún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti àga tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ. Kí ọmọ JSS 1 kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀ka kan lọ sílé níbẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀ka mìíràn padà wá lọ́dún tí ń bọ̀ fún àwọn tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àsè ọjọ́ kan.